Àkọsílẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí Ìtàn Sọnù

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1899, a fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Òyìnbó nípasẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé náà ní 1900, èsì tó gbà ni pé a kò rí ìwé náà mọ́, pé òun ṣetán láti san owó rẹ̀. Samuel kú ní 1901.

Àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àfọwọ́kọ àkọ́kọ́ tí olóògbé fi sílẹ̀ ni Obadiah fi tún un kọ. Ó jáde ní 1921. Bí a bá ti da àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn nù ni, owó wo ni ì bá rà wọ́n padà?

Irú ewu yìí ń bẹ lórí ìtàn ìjọ wa. Àwọn tí ìsọjí 1930 ṣojú wọn ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, nígbà iṣẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ti lọ sinmi. Síbẹ̀, “ìtàn sọ fún wa” ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ. Ìtàn wo? Ta ló sọ ọ́? Lúùkù ní tirẹ̀ jẹ́ kí Tìófílọ́sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ni ìròyìn òun ti wá.

Ajíbọ́dẹ kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe aṣáájú ìdásílẹ̀ rẹ̀ wà. Ìwé àwọn míṣọ́nárì C.M.S. wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èrè ẹni tó fi fóònù ya ìwé 20, tí kò sì kọ nọ́ńbà fáìlì kan sílẹ̀?

Zotero, tí Yunifásítì George Mason ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2006, lè ràn wá lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń tọ́jú orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé àti ọdún pọ̀ mọ́ ìwé fúnra rẹ̀. Bí a bá ń kọ àpilẹ̀kọ, ó ń bá wa to ìtọ́kasí. Nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé, àwa la ó tẹ̀ ẹ́ sí i. Bí a bá tẹ àṣìṣe sínú rẹ̀, àṣìṣe náà ni yóò gbé jáde.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orísun sílẹ̀ lọ́jọ́ tó rí i gan-an, kí ó sì ní ẹ̀dà kejì níbòmíràn. Ẹ̀rí iṣẹ́ Ọlọ́run ló wà lọ́wọ́ wa.