Ìjàpá Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

Ọdún 1981 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ n'Íbàdàn. Volkswagen nìkan ni ọ̀gá máa ń tún ṣe, pàápàá èyí tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá nítorí ìkarahun ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ò wọ́n wa nígbà náà. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to ìjàpá pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó. Ọkọ̀ kan tí àwọn ará Brazil ń pè ní Brasilia náà dé ọ̀dọ̀ wa, Igala ni wọ́n sọ ọ́ níhìn-ín. Ìjàpá lápá ọ̀tún, ìgalà lápá òsì, àfi bíi pé ọdẹ là ń kọ́.

Bí a bá tú gíàbọ́ọ̀sì, orí aṣọ funfun àtijọ́ kan la ń tò ó sí. Bí irin ṣe ń jáde la ṣe ń tò ó tẹ̀léra. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹsẹ̀ da aṣọ yẹn rú, ìfọ́tí ló máa fi gbọ́.

Ní ọdún kẹta mi, ọ̀gá gbé ìjàpá olùkọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Àpótí gíà rẹ̀ ti sán. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ tà, mo ra òmíràn tó ní gíà nínú. Mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ bíárìn, mo wá tú páìpù méjèèjì tó ń lọ sídìí táyà ẹ̀yìn lára ti àkọ́kọ́, mo dè wọ́n mọ́ èyí tí mo rà. Ó bá ara mu rẹ́gí. Mo sáná sí mọ́tò, mo tẹ kíláàṣì, mo ki gíà kìíní bọ̀ ọ́.

Ọkọ̀ bá lọ sẹ́yìn, ó sì fọ́ ike omi wa.

Mo ki ìkejì. Ẹ̀yìn náà ni, ó tún wá yá sí i. Nígbà tí mo fi ìbẹ̀rù ki rìfáàsì, ó rọra ń lọ síwájú. Gíà mẹ́rin sí ẹ̀yìn, ẹyọ kan sí iwájú! Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n ṣáà kọ ẹ̀yìn sí Èkó kí n máa lọ.

"Ọ̀dọ̀ ta lo ti ra àpótí yìí?" Ọ̀gá ò tilẹ̀ bínú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ti Volkswagen ni."

"Volkswagen wo? Ti dánfó nìyí."

Ó mú gíà méjì lórí aṣọ, ó fi eyín wọn kọ́ra, ó yí ọ̀kan sí ọ̀tún. Èkejì yí sí òsì. Ohun tó bá mi wí nìyẹn. Kombi, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe dánfó, jáde ní 1950, àwọn tí wọ́n sì ṣe kó tó di oṣù kẹjọ 1967 ní àpótí kékeré ní ìdí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, gíà méjì nínú rẹ̀. Gíà méjì yẹn ń yí ìrìn padà, nítorí náà àwọn ará Jámánì gbé gíà ńlá inú àpótí àárín sí òdìkejì ibi tó wà nínú ìjàpá, kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Ọkọ̀ sójà Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kübelwagen, ni wọ́n ti jogún àpótí kékeré ọ̀hún. Wọ́n fẹ́ kó ga nílẹ̀, kó sì lè rọra bá àwọn sójà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Èmi wá mú àárín dánfó, mo fi ẹsẹ̀ ìjàpá sí i. Ogun tí wọ́n ti jà tán ní 1945 ló fọ́ ike omi wa n'Íbàdàn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé gíà ńlá yẹn sí apá kejì. Ọkọ̀ ń lọ síwájú wàyí, ṣùgbọ́n mi ò rí ìkẹta àti ìkẹrin mọ́. Ọ̀pá gíà kàn ń jó lọ́wọ́ mi. Mo ti mú sípánà láti tún un tú nígbà tí ọ̀gá dá mi dúró.

"Ṣé ó ké?"

"Kò ké, sà."

Gíà tó bá ń ké bó ṣe ń wọlé, inú ló ti ń ṣàìsàn, àfi bí gbogbo wọn bá ń ké pọ̀, kíláàṣì nìyẹn. (Nínú ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1960, kìíní ń ké láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sí síńkírò nídìí rẹ̀.) Èyí tó bá kọ̀ láìké, ìta ni kéèyàn kọ́kọ́ wò. Ọ̀gá gbé àga ẹ̀yìn, ó tú ìdérí pẹlẹbẹ kan, ibi tí ọ̀pá gíà ti so mọ́ àpótí sì hàn. Rọ́bà ibẹ̀ ti rún bí àkàrà àná. Ìdè tó lórí onígun mẹ́rin, tó yẹ kí n fi wáyà so, ti ń tú. Èmi ni mo gbàgbé wáyà yẹn. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ni, mo sì ti fẹ́ fi ọjọ́ méjì mìíràn sanwó rẹ̀.

Olùkọ́ wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Ó tẹ ọ̀pá gíà mọ́lẹ̀, ó fà á sí òsì, ó fà á sẹ́yìn, ìjàpá sì fẹ̀yìn jáde lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi ki kìíní.