Ọjọ́ Ẹtì tí Àṣírí xz Tú

Aago Nàìjíríà ni mo fi ka wákàtí ọjọ́ náà, Ọjọ́ Ẹtì Rere, 29 Oṣù Kẹta, ọdún 2024.

2:52 òru. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, máa ń to ilé ìpamọ́ package rẹ̀, àkọ́kọ́ nìyí. Kí package tó débẹ̀, wọ́n á ti kọ́ ọ fún amd64, fún arm64, fún s390x, irú processor kọ̀ọ̀kan nínú yàrá àdádó tirẹ̀, ìyẹn chroot. Fáìlì .buildinfo á wá to àwọn package inú yàrá náà tó lè kan iṣẹ́ kíkọ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn.

8:52 àárọ̀. Ìtò kejì. Aráyé kò tíì gbọ́ pé ẹnìkan ti ba xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, jẹ́. Debian ti gbọ́ ní tirẹ̀: lọ́jọ́ tó ṣáájú ni Andres Freund, ẹlẹ́rọ software kan, ti ta wọ́n lólobó, wọ́n sì ti fi 5.6.1+really5.4.5-1 rọ́pò xz 5.6.1.

4:51 ìrọ̀lẹ́. Freund tú àṣírí náà síta. Ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí kò ju pé ó ń pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí i kí ssh tó gbà á wọlé. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ dé inú xz 5.6.0 àti 5.6.1, ó sì bá ẹ̀bùrú (backdoor) tí ẹnìkan là síbẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù nìyí: code náà kọ́kọ́ ń wo irú yàrá tó wà. Bí processor kì í bá ṣe x86-64, kò ní mira. Bí kì í bá ṣe package Debian tàbí RPM ni wọ́n ń kọ́, kò ní mira. Source kan náà, yàrá méjì, ọ̀kan lóró, èkejì mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kọ́ xz 5.6.1, tí kò kọ ti processor mọ́ ọn, kò tíì sọ ohun tó yẹ ká mọ̀.

Títí alẹ́. Red Hat kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo Fedora Rawhide. Debian kéde pé ẹ̀ka stable rẹ̀ kò fara gbá. Àwọn ẹ̀ka testing, unstable àti experimental ló fara gbá, láti 5.5.1alpha-0.1 tó wọlé ní 1 Oṣù Kejì. Ìbéèrè tó le jù kù: dpkg, irinṣẹ́ tí Debian fi ń tú package, fúnra rẹ̀ ń lo liblzma, ọ̀kan lára ohun tí xz ń pèsè, nítorí náà ó wà nínú yàrá tí wọ́n ti kọ́ àwọn package mìíràn. Èwo nínú wọn ni wọ́n kọ́ níbi tí xz tó lóró wà? Inú .buildinfo la ti lè wá a.

Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, Ubuntu náà kò fi tirẹ̀ ṣeré. Wọ́n da gbogbo binary tí wọ́n ti kọ́ fún 24.04 láti 26 Oṣù Kejì nù, wọ́n tún wọn kọ́ nínú yàrá tuntun, wọ́n sì sún beta láti 4 sí 11 Oṣù Kẹrin.