Àpéjọ Ẹbí ní Ọjọ́ Àìsàn àti Ọ̀fọ̀

Ní àkókò ayọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún Ìjọ wa yìí, ó yẹ kí a fi ọpẹ́ rántí ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ kí Ìwé Mímọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èyíinì ni pé a kì í fi aláìsàn tàbí ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ní agbo ilé Ifẹ̀, bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹnì kan a po ẹ̀kọ, èkejì a fọ aṣọ, ẹ̀kẹta a jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Bí ikú bá sì wọlé, a tẹ́ ẹní, a ń kí ara wa pé, Ẹ kú àráfẹ́rakù. Ènìyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.

Ìtàn Ìjọ wa ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́rìí sí i. A kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Ní ọjọ́ 21 oṣù August 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Omijé ni ó sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà.

Ṣùgbọ́n àpéjọ tí ń tuni nínú lè di ọ̀nà ikú. Ní oṣù September 1918, àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà ti ojú òkun wọ Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá tọ ẹbí wọn lọ, àrùn náà sì bá wọn rìn. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, a ti ilé ìjọsìn, àwọn díẹ̀ ni ó sì lè sin òkú dé ibojì. Ó dùn wá púpọ̀ láti dúró lẹ́hìn ilẹ̀kùn ẹni tí a fẹ́ràn. Síbẹ̀ àwọn kan ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń pè lórí tẹlifóònù ní alẹ́, kí aláìsàn lè mọ̀ pé a kò gbàgbé òun.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ìtùnú kò sí nínú ọ̀pọ̀ èrò, tàbí nínú ẹran tí a pa àti aṣọ tí a dá fún ìsìnkú. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe rere. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣìnà.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ará, opó, arúgbó àti àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí ń bẹ láàrin wa. Kí Ìjọ kí ó jẹ́ ẹbí wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀.