Ọjọ́ tí Iṣẹ́ Pọ̀, tí Ọjà Ìpín-Òwò sì Ṣubú

Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé iṣẹ́ tuntun 705,000 ló wọlé sí orílẹ̀-èdè náà nínú oṣù Èrèlè. Ìwọ̀n àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe wálẹ̀ sí ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ayọ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Ìpayà ni Wall Street fi dá a lóhùn. Kí ọjà tó pa lọ́jọ́ náà, òṣùwọ̀n Dow Jones ti fi àmì 171 lọ sílẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀rọ̀ owó èlé ló wà nídìí rẹ̀. Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti dín owó èlé kù sí ìdá 5.25 ní òpin oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún náà, àwọn oníṣòwò sì ti fọkàn sí i pé yóò tún dín in kù sí i. Ìrètí yìí ni wọ́n fi ń ra ìpín-òwò. Wàyí o, bí iṣẹ́ bá pọ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ yóò máa du òṣìṣẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Owó oṣù yóò gòkè, owó ọjà yóò tẹ̀lé e, báńkì àpapọ̀ yóò sì gbé owó èlé sókè láti fi paná rẹ̀. Kíá ni àwọn tó ní ìwé gbèsè ìjọba lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Bí iye owó ìwé náà ṣe ń já ni èrè orí rẹ̀ ń ga fún ẹni tó bá rà á. Ta ni yóò wá fi owó gọbọi ra ìpín iléeṣẹ́ nígbà tó lè jẹ èlé tó jọjú lọ́wọ́ ìjọba láìfòyà?

Ìbẹ̀rù yẹn ní gbòǹgbò. Òfin ọdún 1977 ló di ẹrù méjì lé báńkì náà lórí: kí iṣẹ́ wà fún aráàlú, kí owó ọjà má sì fò sókè. Nígbà tí Paul Volcker di ọ̀gá ibẹ̀ ní 1979, ọ̀wọ́n ọjà ti fẹjú. Ó gbé owó èlé sókè títí ó fi kọjá ìdá 19 ní 1981. Ọ̀wọ́n ọjà rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1982 fi ń parí, ìdá 10.8 àwọn òṣìṣẹ́ ni kò ríṣẹ́ ṣe. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń wo iye iṣẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú sánmà.

Èmi a máa ronú nípa ẹni tó ríṣẹ́ nínú oṣù Èrèlè náà lẹ́yìn tó ti jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́. Ṣé ó mọ̀ pé àdánù ni wọ́n ka ayọ̀ òun sí nínú ìwé ìṣirò ẹlòmíràn?

Apá kan nínú 705,000 yẹn kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ tuntun rárá. Yìnyín ńlá ti sé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́lé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ìṣirò fò sókè. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Dow ti gba èyí tó ju ìdajì ohun tó pàdánù lọ padà. Báńkì àpapọ̀ kò sì fọwọ́ kan owó èlé títí di ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1997, nígbà tó gbé e sí ìdá 5.5. Àwọn tó sáré ta ìpín wọn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn ń sá fún ohun tó ṣì ku ọdún kan gbáko kó tó dé.

Iye àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń kéde kì í ṣe iye ìkẹyìn. Àwọn iléeṣẹ́ tó tètè dáhùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ìdáhùn àwọn yòókù bá ti ń dé, wọn a tún un ṣe nínú oṣù méjì tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ògún ọdún 2025, àjọ tó ń ka iṣẹ́ yọ 258,000 kúrò nínú iye tó ti kéde fún oṣù Èbìbí àti Òkúdù. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ààrẹ Donald Trump lé Erika McEntarfer, olórí àjọ náà, kúrò níṣẹ́. Ní ti àwọn oníṣòwò, wọn kò dúró gbọ́ àríyànjiyàn: wọ́n ti gbà pé owó èlé yóò wálẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, báńkì àpapọ̀ dín in kù ní ìdá 0.25.