Ìrìn Ẹsẹ̀ àti Àrùn Àtọ̀gbẹ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, nígbà tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ń wá ọ̀nà òwò lọ sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, orí àti ẹsẹ̀ ni ọkọ̀ wọn. Wọn a di ẹrù, wọn a gbé e karí, wọn a sì máa kiri láti abúlé kan dé èkejì. Lónìí, oníṣòwò tí ń gbé Treichville, tí ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní ọjà Adjamé nínú ìlú Abidjan, ọkọ̀ gbàkà ni yóò wọ̀ ní òwúrọ̀. Yóò jókòó ti ọjà rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbàkà náà ni yóò sì gbé e padà sílé. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí a padà sí ẹrù rírù. Ṣùgbọ́n ohun kan bá ẹrù náà lọ tí ọ̀pọ̀ wa kò kíyè sí.

Oúnjẹ wa, ìbáà ṣe iyán tàbí atiéké, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlìn tí ara ń pèsè ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọ inú iṣan. Lára alátọ̀gbẹ, yálà ínsúlìn kò tó, tàbí ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Iṣan tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ní ilẹ̀kùn mìíràn: ó lè gba ṣúgà wọlé láìdúró de ínsúlìn. Bí ìrìn bá tilẹ̀ parí, ara a tún máa gbọ́ ti ínsúlìn dáradára fún bí ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá jókòó fún ọjọ́ mélòó kan, àǹfààní náà a sá lọ.

Ìmọ̀ yìí ti pẹ́. Ní Paris, olú-ìlú àwọn Faransé tí wọ́n jọba lórí Côte d'Ivoire títí di 1960, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Apollinaire Bouchardat. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì dó ti ìlú náà ní 1870, ó rí i pé bí oúnjẹ ti ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ń pòórá nínú ìtọ̀ àwọn alátọ̀gbẹ rẹ̀. Òun kan náà ni ó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi ara ṣiṣẹ́. Kò sí oògùn gidi nígbà náà. Ọdún 1921 ni Banting àti Best tó rí ínsúlìn ní Toronto.

R. D. Lawrence, oníṣègùn ní London, wà lára àwọn tí ínsúlìn náà yọ lọ́wọ́ ikú ní 1923. Ní 1926 ni ó kọ̀wé pé iṣẹ́ ara a máa fi agbára kún ínsúlìn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ìkìlọ̀ sì ni. Abẹ́rẹ́ tí ó tó fún ẹni tí ó jókòó lè pọ̀ jù fún ẹni tí ń ṣe làálàá: òógùn tútù a bò ó, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, òòyì a kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí ń gba ínsúlìn gbọ́dọ̀ bá oníṣègùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó mú ṣúgà díẹ̀ dání, kí ó sì wọ bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, nítorí àtọ̀gbẹ a máa mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri. Kò gbọdọ̀ torí ìrìn pa oògùn tì. Lawrence fúnra rẹ̀ wà láàyè títí di 1968, kò sì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ní 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ènìyàn 2 nínú 100 ni ó ní àtọ̀gbẹ. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, 9. Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, 11. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni o. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ìjókòó, nítorí oúnjẹ àti ìsanra ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà.

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń béèrè, kí ó má sì ju ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra lọ láìrìn. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú gbàkà kí ó tó dé Adjamé, tí ó fi ẹsẹ̀ rin ìṣẹ́jú 15 tí ó kù kánmọ́kánmọ́, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti rin ín pé láàárín ọjọ́ ọjà 5.