Àlùkò àti Pupa: Ìtàn Aró tí ó Fi Ìdí Bakitéríà Hàn

Ní ọdún 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Perkin, ń wá ọ̀nà láti fi ohun tí wọ́n yọ láti inú ọ̀dà èédú ṣe kuníní, oògùn ibà tí àwọn ará Yúróòpù kò lè ṣe aláìní ní ilẹ̀ olóoru. Kuníní kò jáde. Ohun tí ó kù sínú ìgò rẹ̀ ni àwọ̀ àlùkò kan tí ó mú aṣọ ṣẹ́dà dáadáa, tí fífọ̀ kò sì tètè ṣí kúrò. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ aró àtọwọ́dá ti di òwò ńlá, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́, kí Jámánì tó gba iwájú rẹ̀. Àwọn aláṣọ ni wọ́n ń ṣe aró náà fún, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi rí i pé ohun tí ó ń mú òwú àti ṣẹ́dà lè mú ẹran ara pẹ̀lú.

Kì í ṣe pé ojú kò tíì rí bakitéríà nígbà náà. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft, ti fi awò tí ó fúnra rẹ̀ ṣe rí wọn ní ọdún 1676. Ìṣòro tí ó kù ni pé rírí kì í ṣe mímọ̀. Bakitéríà tí a kò rẹ láró dà bí omi tí ó wà nínú omi. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìrísí wọn kò sì pọ̀: òmíràn rí roboto, òmíràn rí bí igi kékeré, àwọn díẹ̀ lọ́ bí okùn. Èyí tí ń pa ènìyàn àti èyí tí ń gbé inú ìfun rẹ̀ láìṣe é ní ibi lè jọra bí ìbejì.

Ní àárín ọdún 1870 sí 1880, Carl Weigert wà lára àwọn tí ó fi aró titun wọ̀nyí hàn pé bakitéríà ń gba àwọ̀. Robert Koch mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ó kéde ní Berlin, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, pé òun ti rí ohun tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, aró méjì ni ó fi mú un: aró búlúù kan wọ gbogbo rẹ̀, aró àwọ̀ ilẹ̀ sì lé búlúù náà kúrò lára ohun gbogbo àfi lára bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láàárín ọdún yẹn àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, Paul Ehrlich, Franz Ziehl àti Friedrich Neelsen tún ọ̀nà náà ṣe, títí ó fi hàn pé bí bakitéríà yìí bá ti gba aró pupa tán, ásíìdì pàápàá kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ yẹ kí a fiyè sí dáadáa. Bí nǹkan ṣe ń gba aró nìkan kò fi ìdí rẹ̀ hàn tó. Bí ó ṣe ń kọ̀ láti ju aró náà sílẹ̀ ni ó fi í hàn. Kò sí aláró kan ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo tí ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì sí, nítorí ibi tí aró kò mú lára aṣọ ni adìrẹ ti ń ní ọnà.

Hans Christian Gram, ọmọ ilẹ̀ Denmark tí wọ́n bí ní ọdún 1853, dé Berlin láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Carl Friedländer. Òtútù àyà ni iṣẹ́ wọn dá lé lórí. Friedländer ti rí bakitéríà nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí àrùn náà pa, ó sì gbà pé òun ti mú ọ̀daràn náà. Albert Fraenkel, ní ìlú kan náà, sọ pé bakitéríà mìíràn ni. Gram kò jáde láti parí ìjà yìí. Ohun tí ó ń wá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ kí bakitéríà dá yàtọ̀ sí kókó inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró, nítorí aró kan náà ń mú àwọn méjèèjì, ó sì ń da ojú rú. Ó fi aró àlùkò rẹ ẹran náà, ó da áyódìn lé e, ó sì fi ọtí líle ṣàn án. Àlùkò ṣí kúrò lára sẹ́ẹ̀lì. Ó dúró lára bakitéríà. Ṣùgbọ́n kò dúró lára gbogbo bakitéríà. Ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, fún àpẹẹrẹ, ju àwọ̀ náà sílẹ̀ pátá.

Nígbà tí Gram tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ó sọ fún àwọn òǹkàwé pé ọ̀nà náà kò tíì pé, ó sì ní ìrètí pé yóò wúlò lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àléébù ni wọn ìbá pe àìdúró àwọ̀ náà lára àwọn kan, ṣùgbọ́n àléébù yìí gan-an ni ó di ìwúlò rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wàhálà Berlin rọ̀, ó hàn gbangba pé bakitéríà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀: ti Fraenkel di àlùkò mú, ti Friedländer jù ú sílẹ̀. Àwọn méjèèjì lè fa òtútù àyà, àmọ́ Anton Weichselbaum fi hàn ní Vienna ní ọdún 1886 pé ti Fraenkel ni ó wọ́pọ̀ jù. Friedländer kú ní ọdún 1887. Gram fi bakitéríà sílẹ̀, ó padà sí Copenhagen, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa oògùn àti ìṣègùn, ó sì kú ní ọdún 1938.

Aró pupa tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́ náà lónìí, kí àwọn tí ó ti ju àlùkò sílẹ̀ lè fara hàn ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe ti Gram. Àwọn mìíràn ni ó fi kún un. Ìdí tí ọ̀nà náà fi ń ṣiṣẹ́ kò yé Gram, kò sì yé ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ògiri ara bakitéríà ni ìdáhùn wà. Àwọn tí ògiri wọn nípọn ni ọtí líle ń gbẹ títí àlùkò àti áyódìn tí ó so pọ̀ nínú wọn kò fi rí ọ̀nà jáde. Àwọn tí ògiri wọn fẹ́lẹ́ ni awọ ọlọ́ràá kan bò, ọtí a sì yọ́ awọ náà. Ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ kan tó fi ẹ̀rọ awò alágbára elékítírónì rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibi tí ìtàn yìí ti kan ẹ̀mí ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n ni ilẹ̀ gbígbẹ tí ó ta láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Ẹtiópíà, tí yírùnyírùn ti máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ọdún 1996, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí àrùn náà kọ lù ní Nàìjíríà nìkan. Bí dókítà bá fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn, ẹ̀kán kan lórí gíláàsì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú aró tó láti sọ ohun púpọ̀. Bí wọ́n bá rí roboto méjìméjì aláwọ̀ pupa, bakitéríà tí Weichselbaum ṣe àpèjúwe ní ọdún 1887 ni, èyí tí ń ti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn títí yóò fi gba ìlú. Bí ó bá jẹ́ méjìméjì aláwọ̀ àlùkò, bakitéríà Fraenkel ni, ẹni tí a mọ̀ nídìí òtútù àyà. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, kì í sì í sábà jà kárí ìlú bí ti èkejì.

Síbẹ̀ àwọ̀ ní ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Àwọn roboto pupa náà ní ẹ̀yà, A, C, W, X àti Y, aró Gram kò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní Burkina Faso ní ọdún 2010, àti ní Nàìjíríà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀yà A nìkan ni ó wà fún. Ní ọdún 2017, yírùnyírùn jà ní Zamfara, Sokoto àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí wọn ká. Pupa ni ó hàn lábẹ́ awò, bí ó ti máa ń hàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yà C ni, àyẹ̀wò mìíràn ni ó sì fi èyí hàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Nàìjíríà, ṣáájú gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù, bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tí ó dènà ẹ̀yà máràrùn-ún.