Kíláàsì (nínú ètò kọ̀ǹpútà)

Kíláàsì ni àkọsílẹ̀ tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà irú ohun tí nǹkan kan jẹ́: ohun tó máa ń ní, àti ohun tó lè ṣe. Ohun gan-an tí a bá dá láti inú rẹ̀ là ń pè ní ọ́bjẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dúró ní Ọgbà nílùú Èkó, tó ń wo ọkọ̀ tó ń ná Ìkẹjà, Agége àti Ìjú, ti rí méjèèjì. Gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń jẹ́ dáńfó, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wọ "dáńfó" lásán dé Pen Cinema ní Agége. Èyí tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ni èrò ń wọ̀.

Ní èdè Python:

class Dáńfó:
    àwọ̀ = "ìyeyè"

    def __init__(self, nọ́ńbà):
        self.nọ́ńbà = nọ́ńbà
        self.èrò = []

    def wọlé(self, ẹni):
        self.èrò.append(ẹni)

Àwọ̀ jẹ́ ti gbogbo dáńfó lápapọ̀. Nọ́ńbà àti èrò jẹ́ ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí self fi ṣáájú wọn: ọkọ̀ yìí, kì í ṣe òmíràn. Iṣẹ́ inú __init__ a máa wáyé ní kété tí a bá dá ọkọ̀ tuntun, bíi Dáńfó("KJA-000XX").

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú ni pé wọ́n á gbé èrò = [] sókè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀. Ètò náà á ṣiṣẹ́, kò ní ké rárá. Àmọ́ àkójọ èrò ti di ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ọkọ̀, ẹni tó wọ dáńfó l'Ọ́gbà á sì tún hàn nínú èyí tó wà ní Ìjú. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ìdánwò, àṣìṣe yìí kò lè hàn. Ọkọ̀ méjì ni kí ẹ máa fi dán an wò.

Ọkọ̀ tó tò sójú kan wà lára ohun tó bí kíláàsì. Ní Oslo, ní orílẹ̀-èdè Norway, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ń wá bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣe àfarawé ohun tó ń lọ láyé. Wọ́n ro ti afárá tí wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì rí i pé ohun tó pa ọkọ̀ méjèèjì pọ̀ kò kéré. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Simula 67 ti jáde, èdè tó kọ́kọ́ ní kíláàsì. Bjarne Stroustrup mú kíláàsì wọ inú èdè C láti 1979, ó sì di C++. Java tẹ̀ lé e ní 1995.

Kíláàsì lè jogún kíláàsì: Dáńfó àti Mólúè lè jẹ́ ọmọ Ọkọ̀. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó wúlò jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ìmọ̀ nípa nǹkan kan wà lójú kan. Nígbà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà, gbé nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun jáde ní 2011, KJA, àmì Ìkẹjà, tó máa ń wà lẹ́yìn bọ́ síwájú. Bó bá jẹ́ inú kíláàsì ni ètò kan ti ń yẹ nọ́ńbà wò, ibì kan péré ni àtúnṣe rẹ̀.

Àmì ohùn inú kóòdù òkè yìí kò dí Python lọ́wọ́. Láti Python 3, tó jáde ní 2008, ó gbà á nínú orúkọ. Bí fóònù méjì bá tẹ ọ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Python á sọ wọ́n dọ̀kan nínú orúkọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì àyọlò: "Ọgbà" méjì lè jọra lójú kí Python ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àfi bí a bá kọ́kọ́ fi unicodedata.normalize tò wọ́n.